Orúkọ Tí A Fún Owó: Àríwísí Lórí Èdè Ìwọ́de Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá wọ́de lórí owó ilé-ìwé, ìbéèrè mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́: ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ta ló ba nǹkan jẹ́, èló ni ó sì yẹ kí wọ́n san? Àwọn tí wọ́n ń bèèrè pé èdè wo ni a fi ja ìjà náà kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n ń bèèrè pé kí ni a pe owó tí a ń tìtorí rẹ̀ jà kò tó nǹkan rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè méjì tí a ń fi sílẹ̀ wọ̀nyí wà lára gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1978, ohun tí àwọn aláṣẹ ń ṣe ni pé wọ́n ń pa orúkọ owó dà, iye owó sì ń gun òkè lábẹ́ orúkọ tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń bá wọn jà sì mú èdè kan náà tí irú ìpaorúkọdà bẹ́ẹ̀ ti rọrùn, wọ́n ń fi jà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjà tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí ‘Ali Must Go’. Ní ọdún 1977, ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí rẹ̀ kéde pé òun ti fagi lé owó ìkọ́ni ní yunifásítì. Inú àwọn òbí dùn. Ìkéde yìí kò tíì pẹ́ tí èkejì fi dé ní ọdún 1978: owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́, ó di náírà 1.50, owó ibùsùn kúrò ní náírà 30 lọ́dún, ó di náírà 90. Ìlọ́po mẹ́ta ni méjèèjì. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà, NUNS, tí Ṣẹ́gun Okeowo jẹ́ ààrẹ rẹ̀, pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde ní oṣù Kẹrin. Ọlọ́pàá yìnbọn ní Yunifásítì Èkó, Akíntúndé Òjó tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì kú. Ìbọn tún pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba fi òfin de NUNS, a lé Okeowo kúrò ní yunifásítì, a sì yọ àwọn olùkọ́ kan níṣẹ́, bí Ọlá Òní ti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ NANS tí a mọ̀ lónìí, ọdún 1980 ni a dá a sílẹ̀ láti rọ́pò èyí tí a pa.

Ẹ wo ohun tí ìjọba fi èdè ṣe níbẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè, òótọ́ ni wọ́n ń sọ: owó ‘tuition’ kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí dárúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn kíkọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́. Owó tí a san fún iṣẹ́ yẹn nìkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ owó ibùsùn, owó oúnjẹ àti owó iná sọ́tọ̀, a lè sọ èyí tó kù di òfo, kí a sì kéde fún ayé pé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́. Èdè Yorùbá kò gba irú èyí. ‘Owó ilé-ìwé’ ni àwa ń wí. Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni a gbé ti ara wọn, èkejì ń yán èkíní, kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan nínú ìhun náà tí yóò sọ fún wa pé iṣẹ́ wo ni a fẹ́ fi owó náà ra. Nítorí bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí ó bá ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ilé-ìwé wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé àìṣe pàtó ni èyí. Èmi pè é ní ààbò. Ìyá tí ó bi ọmọ rẹ̀ pé ‘Èló ni owó ilé-ìwé yín lọ́dún yìí?’ kò bèèrè orúkọ. Àpapọ̀ ni ó ń bèèrè. Àwọn aládùúgbò wa náà kò yàtọ̀. Àwọn Hausa ń sọ pé ‘kuɗin makaranta’, àwọn Igbo ń sọ pé ‘ego akwụkwọ’ tàbí ‘ụgwọ akwụkwọ’: owó àti ilé-ìwé, owó àti ìwé, gbèsè àti ìwé. Èdè mẹ́ta tí gbogbo wọn kò ti inú ìdílé kan náà wá, ìhun kan náà.

Ní ti gbólóhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dá ìjọba lóhùn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó bá ẹsẹ̀ tí ń rìn mu, ọmọdé lè pè é. Kọ́nẹ̀lì Ahmadu Ali, dókítà oníṣègùn tí ó jẹ́ kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́, ni ó ń bá wí. Ìjọba lódindi ni ó ni àfikún owó náà, gbólóhùn yìí sì kó gbogbo rẹ̀ lé ọkùnrin kan lórí. Kò sí 50 kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí ibùsùn. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ìjà náà tẹ́lẹ̀ kò lè ti inú gbólóhùn náà mọ̀ ọ́n. Ahmadu Ali pàápàá kò lọ síbi kankan: ní ọdún 2005 ó di alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú PDP. 50 kọ́bọ̀ ni ó lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1984, ìjọba ológun mìíràn ti mú ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí kò kú ni ìhun gbólóhùn náà. Ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì jáde, ‘Ghana Must Go’ ni a gbọ́, a sì fi sọ àpò onílà tí a ń tà ní gbogbo ọjà títí di òní. Ìhun tí a fi bá aláṣẹ wí ti di èyí tí a fi lé aládùúgbò.

Lẹ́yìn náà, ńṣe ni èdè ìjà yìí túbọ̀ ń jìnnà sí ilé. ‘Àlútà’ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ọ̀rọ̀ Potogí ni: ‘luta’ ni ìjà, ‘a’ tí ó ṣíwájú rẹ̀ jẹ́ wúnrẹ̀n gírámà kan tí wọ́n ń fi síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí ó ti wà nínú ‘a luta continua’ tí àwọn FRELIMO fi ja ìjà òmìnira ní Mozambique. Etí ọmọ Nàìjíríà so méjèèjì pọ̀, ó di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìkejì rẹ̀, ‘vitória é certa’, ti àwọn MPLA ti Angola ni. Ní ẹnu tiwa ó di ‘victoria ascerta’, tí ó jọ èdè Látìn tí a kò sọ ní Róòmù rí. N kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ka ara wọn mọ́ àwọn tí ń jà fún òmìnira ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ohun tí ó sì wuyì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò san owó náà wà ní Ìkìrun, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́.

Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá, orí rédíò àti inú ìwé ìròyìn ni yóò ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ní oríṣiríṣi orúkọ fún un níbẹ̀. ‘Ìwọ́de’ sọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe: wọ́n wọ́, wọ́n bọ́ sí òde. ‘Ìfẹ̀hónúhàn’ sọ ohun tí inú ń ṣe: inú ń hó, a sì fi hàn. ‘Wọ́n yarí’ sọ pé ẹnì kan pàṣẹ, àwọn kan sì kọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ènìyàn ń ṣe nǹkan, ó sì ní ìdí tí ó fi ń ṣe é. Ẹ wá wo ‘rògbòdìyàn’. Kò ṣeé tú sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan, kò ní olùṣe, kò ní ìdí. Ó kàn ń bẹ́ sílẹ̀ ni, bí ìjì. Mo ti ń fetí sí ìròyìn Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ṣàkíyèsí pé bí ọlọ́pàá bá ti dé ibẹ̀, ìwọ́de òwúrọ̀ a máa di rògbòdìyàn nínú ìròyìn alẹ́, kódà bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọlọ́pàá nìkan ni ìbọn wà. Ẹni tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn lédè abínibí lè fi ọ̀rọ̀ kan yìí ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìjà kan wà tí ó yàtọ̀, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé owó ìkọ́ni kò sí níbẹ̀, nítorí náà àyè kò sí láti fi orúkọ ṣeré. Ní ọdún 2011 ni ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá gbé owó náà kúrò ní náírà 25,000. Èyí tí ó kéré jù di 193,750, ti àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn sì di 348,750. Ìjà náà le ní ọdún 2014, ìbàjẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, n kò sì ní bò ó. Ṣùgbọ́n iye owó ni gbogbo ènìyàn ń pè: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àwọn ọmọ náà fẹ́ kí ó padà sí. Iye kò nílò ògbifọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìjọba dá a padà sí 25,000. Lóòótọ́, ìdìbò ọdún 2015 ti ń kanlẹ̀kùn, iye àwọn tí ń wọlé sí yunifásítì náà sì ti fà sẹ́yìn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gbogbo ìṣẹ́gun náà fún gírámà. Síbẹ̀, nínú gbogbo irú ìjà yìí tí mo mọ̀, òun ni èyí tí aláṣẹ kò ti lè sọ pé ohun tí ẹ ń bá jà kò sí.

Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, eré orúkọ padà ní ọdún 2023. Ní oṣù Keje ọdún náà, Yunifásítì Èkó kéde pé owó tí ó jẹ́ náírà 19,000 tẹ́lẹ̀ yóò di 126,325 fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, yóò sì di 190,250 fún àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn. ‘Obligatory fees’ ni wọ́n pè é, owó tó pọn dandan. Ilé-iṣẹ́ Ààrẹ ní tirẹ̀ jáde láti sọ fún ará ìlú pé kò sí owó ‘tuition’ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, pé owó mìíràn ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi kún. Ọdún 45 ti kọjá lórí ti 1978, gbólóhùn náà kò yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé páálí tí a kọ ‘No to tuition hike’ sí dání ti pàdánù àríyànjiyàn kí ó tó la ẹnu, nítorí aláṣẹ yóò fèsì pé kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ‘Owó ilé-ìwé ti pọ̀ jù’ sí tirẹ̀, kí ni a ó fi dá a lóhùn?

Eré náà dé inú òfin pàápàá. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé ‘tuition’ ni ẹ̀yáwó náà wà fún, ìjọba kan náà sì ń sọ pé ‘tuition’ kò sí ní yunifásítì òun. Ẹ̀yáwó láti fi san owó tí kò sí! Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni a pa òfin yẹn rẹ́, a sì ṣe òmíràn tí ó to owó ìkọ́ni, àwọn owó yòókù àti owó ìgbọ́bùkátà pọ̀. Ó gba àwọn aṣòfin ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kí wọ́n tó dé ibi tí ìyá ọlọ́jà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka tí wọ́n jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 mú gbólóhùn tuntun lọ́wọ́: ‘Fees Must Fall’. Ọlọ́pàá mú àwọn kan nínú wọn, yunifásítì náà sì dín díẹ̀ kù nínú owó náà lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn mélòó kan gbé gbólóhùn kan náà sókè lórí páálí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wọn sì di ti ìgbìmọ̀ ìbáwí. Gbólóhùn yìí sàn ju ti 1978 lọ. Owó ni olùwà rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn; ‘fees’ sì gbòòrò ju ‘tuition’ lọ. Ṣùgbọ́n gúúsù Áfíríkà ni a ti yá a, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí a yá àti ohun tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní Cape Town, ère Cecil Rhodes ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ pé ó gbọ́dọ̀ wó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2015, a sì gbé ère náà kúrò ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin. Nígbà tí Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg kéde àfikún owó ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹwàá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n mú ti ní ìtàn lẹ́yìn: ojú ti rí ohun tí ó ṣubú. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Ààrẹ Jacob Zuma kéde pé àfikún kò ní sí fún ọdún 2016. Kò sí ère kankan tí ó wó ní Akọka, ‘fall’ níbẹ̀ sì kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Èyí tí a fi sílẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ní gúúsù Áfíríkà, Gẹ̀ẹ́sì wà lórí páálí, ṣùgbọ́n èdè abínibí, bí Xhosa àti Zulu, ni a fi ń kọ orin, orin ìjà tí ó ti wà kí a tó bí àwọn ọmọ náà. Àwọn tí ń gbálẹ̀ àti àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní yunifásítì wọ̀nyẹn mọ orin náà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ìjà owó ilé-ìwé àti ìjà àwọn òṣìṣẹ́ tí a fi sí abẹ́ agbaṣẹ́ṣe di ọ̀kan, Witwatersrand àti Cape Town sì gbà láti gba irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà sí ọwọ́ ara wọn. Ní Stellenbosch, ní ọdún kan náà, èdè gan-an ni ẹjọ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ pé wọn kò lè máa fi èdè Afrikaans dí ọ̀nà mọ́ àwọn. Ẹni tí ó bá rántí Soweto ọdún 1976 kò ní yà á lẹ́nu pé níbẹ̀ a kì í ya ọ̀rọ̀ èdè kúrò lára ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Àwa ni a yà á.

A ó sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó so Èkó, Zaria àti Nsukka pọ̀. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà sí gíwá ní Yorùbá ní Zaria. Ìwé tí ó yẹ kí a kọ sí ilé ni kò sí. Gbogbo ìwé tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé jáde, gíwá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ‘draconian’ àti ‘obnoxious’, àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣíwájú wọn, tí kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. A ó tún sọ fún mi pé owó iná ti wọ́n, pé náírà ti já, pé yunifásítì kò lè fi 19,000 gbé ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi èdè tiwa ro ó.

Bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì nílẹ̀ Yorùbá, òun àti ọ̀gá á jókòó, wọ́n á sọ iye ọdún, wọ́n á sọ iye owó, wọ́n á sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Àdéhùn ni èyí ń jẹ́. Ọjà lè wọ́n, ilé lè gbówó lórí; ọ̀gá tí ó bá ní kí ọmọ tí ó ti lo ọdún méjì nínú mẹ́ta lọ mú ìlọ́po márùn-ún wá kí ó tó gba òmìnira, ẹjọ́ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Wọn kò ní bi í bóyá aṣọ ìránṣọ ti wọ́n. Wọn ó bi í pé, kí ni ẹ jọ sọ? Ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti wà ní ọdún kẹta gẹ́lẹ́ nìyí. Ó lágbára ju ‘anti-poor’ lọ, nítorí kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi hàn pé tálákà ni òun. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kà, n kò tíì bá ‘àdéhùn’ pàdé, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú kíláàsì ìtumọ̀ ni mo ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Mo fún àwọn ọmọ ọdún kẹta ní ìkéde owó kan, mo sì yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kúrò nínú rẹ̀, pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà. ‘Utility charges’ kò ṣòro: owó iná àti omi. ‘Obligatory fees’ mú ẹ̀rín wá, nítorí ẹni tí ó kọ ‘owó tó pọn dandan’ ni wọ́n bi pé èwo ni kò pọn dandan nínú àwọn yòókù, bóyá ènìyàn lè fò ó. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ọ̀pọ̀ wọn fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ro ó pọ̀, wọ́n sì kọ ‘owó ilé-ìwé’ síwájú àròpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú ìkéde náà. Èyí tí ó dá wọn dúró pẹ́ jù ni ‘acceptance fee’. Wọ́n gbìyànjú ‘owó ìgbà’, wọ́n gbìyànjú ‘owó ìtẹ́wọ́gbà’, kò sì sí èyí tí ó yé ẹnikẹ́ni, torí wọn kò rí ibi tí a ti ń sanwó kí a tó gba ohun tí a ti fún wa nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn kọ ‘owó ìdúpẹ́’. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.